Ìlà Kékeré Lórí Káàdì Kẹrìnlélọ́gọ́ta

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Káàdì ni wọ́n ń pè é. Kò tíì lọ́kọ nígbà náà, kò tíì lọ́mọ, ó sì ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Káàdì igba ó lé mẹ́wàá ló wà nínú àpótí onígi lẹ́yìn àga rẹ̀, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo wọn. Atẹ̀wé kejì nínú yàrá náà, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sárétẹ̀ nítorí bí ìka rẹ̀ ṣe máa ń sáré, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ó ní ẹni tó bá bí igba ọmọ ó lé mẹ́wàá láìrọbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó yẹ kí èèyàn máa kúnlẹ̀ kí i.

Kò bínú sí i. Iṣẹ́ náà ni ayé rẹ̀.

Yàrá gígùn kan ni, lókè ilé ìkàwé yunifásítì. Fèrèsé mẹ́ta, ọ̀kan kò ṣeé ṣí. Tábìlì méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tí wọ́n ká páálí sí nídìí. Lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àwòrán àkàsọ̀ kan, onípele márùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló yà á fúnra rẹ̀, nígbà tó ṣì nírun lórí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ka ìwé àwọn onímọ̀ tó ní gbogbo ohun abẹ̀mí ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀, pé ẹja ayé àtijọ́ ló di ẹran orí ilẹ̀, pé láti inú ohun tó rọrùn ni ohun tó díjú ti ń jáde wá. Ìmọ̀ náà gbà á lọ́kàn pátápátá. Ó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí kò fún un nísinmi fún ogójì ọdún: bí ara èèyàn bá gun àkàsọ̀ kó tó dé ibi tó wà yìí, ṣé àdúrà rẹ̀ náà kò gun àkàsọ̀ ni?

Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ní ìlú mìíràn ń bi ara wọn ní ohun kan náà, kálukú pẹ̀lú àkàsọ̀ tirẹ̀.

Ìdáhùn tirẹ̀ ló wà lára ògiri. Ìpele kìíní, àwọn ẹ̀yà tí kò ní àdúrà rárá, tí wọ́n kàn ń bẹ̀rù òkùnkùn àti ààrá. Ìkejì, àwọn tó gbà pé ẹ̀mí wà nínú igi àti òkúta. Ìkẹta, ọlọ́run púpọ̀. Ìkẹrin, Ọlọ́run kan ṣoṣo. Ìkarùn-ún, kò kọ nǹkan kan sí i. Sárétẹ̀ ní ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ń gbé, ìdí nìyẹn tí òtútù fi máa ń mú un.

Ó dá a lójú pé gbogbo ẹ̀yà ló máa gun àkàsọ̀ náà bó pẹ́ bó yá. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n lójú rẹ̀. Kò kórìíra wọn. Ó ní ẹni tó bá kórìíra ọmọ ọwọ́, orí rẹ̀ kò pé. Àmọ́ ó ní a kì í fún ọmọ ọwọ́ lọ́bẹ.

Kò tíì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀kankan nínú ẹ̀yà igba ó lé mẹ́wàá náà. Lẹ́tà ló ń kọ. Ó ní ìwé ìbéèrè kan, ogójì ìbéèrè, ojú kan ṣoṣo, tó máa ń fi ránṣẹ́ sí dókítà, sí ọ̀gá ọkọ̀, sí àwọn tó ń wọn ilẹ̀, sí ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ bá gbé lọ sọ́nà jíjìn. Wọ́n á bi àwọn ará ibẹ̀, wọ́n á kọ ìdáhùn, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà. Ìyá Káàdì á wá kó o sórí káàdì. Òfin kan péré ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ọ lọ́jọ́ tó dé: ìbéèrè tí kò bá ní ìdáhùn, kó fi ìlà kékeré sí i. Kó má ṣe ronú sí i. Kó má ṣe fi tirẹ̀ kún un.

Ọdún mẹ́fà. Kò rú òfin náà rí.

*

Ní ọjọ́ Ajé kan, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n fẹ́ àtẹ. Ẹ̀yà wo ló wà ní ìpele wo. Àwọn tó bá wà ní ìpele kìíní, wọn kò ní fi ìwé gígùn yọ wọ́n lẹ́nu mọ́: ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Kíláàsì òkè wọn á di títì. Ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á rán òjíṣẹ́ wá gba àtẹ náà ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Wọ́n fi orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tọ́rọ̀ kàn ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yà tó ni ín.

Ìyá Káàdì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọgọ́ta. Ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Ó dé ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta, ibẹ̀ lòun ti mọ a yàtọ̀ sí b. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ọ̀gá ibẹ̀ báyìí.

Ó ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò yí padà.

Orúkọ tó wà lórí káàdì ló ti ń tàn án látọjọ́ yìí. Àwọn Ará Ẹ̀yìn Odò ni ẹni tó kọ lẹ́tà pè wọ́n, orúkọ tí àwọn aládùúgbò fi ń bú wọn. Ta ló ń pe ara rẹ̀ ní ará ẹ̀yìn odò? Lójú ẹni tó wà nílé rẹ̀, ẹni òdì kejì ló wà lẹ́yìn. Ó ti nu eruku kúrò lórí káàdì àwọn èèyàn rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò mọ̀.

Ó fa àpótí, ó yọ káàdì jáde. Ìbéèrè kẹtàdínlógún: ṣé wọ́n máa ń gbàdúrà? Ìlà kékeré. Ìkejìdínlógún: ta ni wọ́n ń gbà á sí? Ìlà kékeré. Ìkọkàndínlógún: ìgbà wo? Ìlà kékeré. Lórí àtẹ, àwọn ìlà náà ti di ọ̀rọ̀ méjì. Kò sí. Kò sí, ìpele kìíní.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lára lẹ́tà *k* tó tẹ̀ sápá kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ nìkan ló ń tẹ *k* bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dé. Afọ́nnu èèyàn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ó kọ ojú ìwé mẹ́rin nípa kíláàsì òkè rẹ̀, àwọn ọmọ mọ́kànlá, mẹ́fà nínú wọn obìnrin, tí wọ́n á ṣèdánwò olùkọ́ lọ́dún yìí. Ó ní tí wọn kò bá yege, kí wọ́n fi irùngbọ̀n òun nu pátákó.

Ó dá káàdì padà sáyè rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣèèṣì ki í sí àárín ẹ̀tàlélọ́gọ́ta àti èjìlélọ́gọ́ta.

Sárétẹ̀ bi í pé kí ló dé, ṣé ó rí òkú ni.

*

Àwọn lẹ́tà gidi wà nínú àpótí irin kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí i láìjẹ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló rán an. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn Ọ̀jọ̀gbọ́n, níbi tó ń fi kóòtù kọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wákàtí kan. Ìyá Káàdì mú kọ́kọ́rọ́. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Sárétẹ̀, ìyẹn sì dúró lókè àtẹ̀gùn, ó ń ṣe bí ẹni ń ka ìwé tó dorí kodò. Ó ní tí òun bá ti gbọ́ ẹsẹ̀, òun á wúkọ́. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá sọ̀ kalẹ̀ wá tọrọ àforíjì, pé ọ̀nà ọ̀fun òun ló gbẹ lóòótọ́.

Ọkùnrin kan tó ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà tuntun ló kọ lẹ́tà ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́. Ìdáhùn mẹ́rìndínlógún, ó kún rẹ́rẹ́: ilé wọn, oúnjẹ wọn, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́. Lẹ́yìn náà, àlàfo mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ìdáhùn ń bá a lọ.

Ó yí ìwé náà padà.

Pẹ́ńsù ni. Ó ti ń parẹ́. Ó gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó kà á.

“Atukọ̀ tó gbé mi sọdá ni mo bi. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ àdúrà, ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀, kí n jẹ́ ká gúnlẹ̀, ká jókòó, òun á dá mi lóhùn. A gúnlẹ̀. Àwọn èèyàn mi ti ń dúró dè mí, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo máa padà lọ bi í.”

Kò padà. Ìwé ìbéèrè Ọ̀jọ̀gbọ́n, ojú kan ṣoṣo ló ní. Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀yìn rẹ̀.

Atukọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní èbúté yẹn nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ni.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí bàbá náà ti kú. Ó rí i bó ṣe máa ń dúró nínú omi dé orúnkún láàárọ̀, kó tó tú okùn ọkọ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Kì í wo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kí i nígbà yẹn, ó di ìgbà tó bá jáde nínú omi kó tó jẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ á fẹ́ pariwo, ìyá wọn á ní kí wọ́n fi bàbá wọn sílẹ̀, ó ń bá ẹni tó lomi sọ̀rọ̀.

Bàbá náà fẹ́ jókòó sọ ọ́ dáadáa ni. Nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní i.

Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Kò mọ ohun tó mú un ṣe ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn lẹ́tà yòókù padà. Ẹ̀yà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà ní ìpele kìíní. Ó wá gbogbo wọn. Mẹ́rin péré ni ẹnì kan kọ ìdáhùn sí níwájú, pé rárá, wọn kì í gbàdúrà. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kù, àlàfo ni. Mọ́kànlá nínú wọn ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tàbí létí ìwé. Òjò dé. Ògbufọ̀ ń ṣàìsàn. Obìnrin tí mo bi rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ. Ó ní kí n lọ bi ìyá òun, n kò ráyè. Àwọn mẹ́rìndínlógún tó ṣẹ́kù kò ní ohunkóhun, bóyá ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé ni, bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Ìpele kìíní tó wà lára ògiri lókè yẹn, ìlà ni wọ́n fi kàn án. Ìka òun ló sì kàn án.

Lókè, Sárétẹ̀ wúkọ́. Èyí kì í ṣe ti ọ̀fun gbígbẹ.

*

Ní Ọjọ́rú, ó kan ilẹ̀kùn Ọ̀jọ̀gbọ́n ní aago mẹ́sàn-án. Ó jẹ́wọ́ kọ́kọ́rọ́ náà kó tó jókòó. Ó gbé lẹ́tà ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta síwájú rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi awò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá kà á, iwájú, ẹ̀yìn. Ó tún iwájú kà. Ó pẹ́.

“Ṣé ìdáhùn nìyí?”

“Rárá, sà. Ìdí tí ìdáhùn kò fi sí ni.”

“Ta ni atukọ̀ yìí?”

“Bàbá mi ni, sà.”

Ó gbé awò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́, olùpẹ̀jọ́ ni, a kì í sì í rojọ́ ara ẹni ká jẹ̀bi. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó ń wo àwọn kẹ̀kẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sísàlẹ̀. Ìyá Káàdì sọ fún un nípa ilé ẹ̀kọ́ náà, nípa àwọn ọmọ mọ́kànlá. Kò sunkún. Ó ti pinnu láti ilé pé òun kò ní sunkún, ó sì ń tẹ èékánná mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kó má bàa sunkún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò yíjú padà. Ó ní ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Ó ní òun kò ní atẹ̀wé tó dà bíi rẹ̀ rí.

“Gbé wọn lọ sí ìpele kejì. Nítorí ẹ. Tún un tẹ̀, kó wà lórí tábìlì mi ní aago mẹ́rin, màá fọwọ́ sí i.”

Ó yẹ kó dúpẹ́ kó jáde. Ó mọ̀ pé ó yẹ.

“Àwọn yòókù ńkọ́, sà?”

“Àwọn yòókù wo?”

“Àwọn tí ìlà wà lórí káàdì wọn. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni gbogbo wọn.”

Ó yíjú padà wàyí. “Ṣé bàbá ẹ náà ni gbogbo wọn ni?”

*

Sárétẹ̀ ní kò sí ohun tí wọ́n ń rò níbẹ̀. Ó ní ẹni tílé rẹ̀ ń jó kì í lé eku.

“Àǹtí, ẹ pa iná ilé yín. Àwọn tó kù náà ní ọmọ. Kí ọmọ tiwọn náà wá tẹ̀wé níbí.”

Ìyá Káàdì fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ó ki ìwé tuntun sínú ẹ̀rọ. Ó tẹ àkọlé. Ó tẹ àwọn ẹ̀yà tí kò ní wàhálà, ti ìpele kẹrin, ti ìkẹta. Ọ̀sán pọ́n. Ó dé ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta. Wọ́n máa ń gbàdúrà. Ìpele kejì. Ó rọrùn bí ẹni mí. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú pátákó, ó rí àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀tàdínláàádọ́rin. Àwọn tí òjò pa ìbéèrè wọn.

Ó wo ìka rẹ̀. Kò lọ.

Ó ronú kan bàbá rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe ń dúró nínú omi, bí kò ṣe nínú ọkọ̀, tó di àjẹ̀ mú, tí àlejò ń béèrè ọ̀rọ̀ tó jù lọ láyé lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni béèrè aago. Ó ní kí àlejò jẹ́ káwọn jókòó. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Báwo ni òun ṣe fẹ́ bá a dáhùn? Ta ló rán òun?

Ó fa ìwé náà yọ. Ìró rẹ̀ dún gan-an nínú yàrá. Sárétẹ̀ gbójú sókè.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó dé ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí lórí àkàsọ̀: A kò tíì bi wọ́n. Ibi tó yẹ kó kọ ìpele sí, ó fi í sílẹ̀ lófo. Ó tẹ ohun kan náà sí ẹ̀tàdínláàádọ́rin. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó fi máa parí, ọrùn rẹ̀ ti le bí igi, aago sì ti fẹ́ lu mẹ́rin.

Ó mọ̀ pé òun ti fọwọ́ ara òun da ohun tí wọ́n fún òun nù. Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá bínú, á ní kí wọ́n dá àtẹ ti tẹ́lẹ̀ padà, kíláàsì náà á sì di títì lọ́la. Ó gbé e lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Ó fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé e ní ìlà ìlà. Ìyá Káàdì dúró, nítorí kò ní kó jókòó. Pẹ́ńsù náà dúró lẹ́ẹ̀kan. Ó tún rìn. Ó tún dúró. Lẹ́yìn ìgbà kẹjọ, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ojú lásán ló fi ka ìyókù.

“Ta ló ní kó o kọ èyí?”

“Kò sẹ́ni, sà.”

“Tìẹ náà? Mo ti fún ẹ ní tìẹ.”

“Bàbá mi kò tíì dáhùn, sà.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Láìsí awò, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó béèrè ọ̀rọ̀ náà bí ẹni béèrè ọ̀nà.

“Tí mo bá fọwọ́ sí èyí, kí ló kù ní ìpele kìíní?”

“Ẹ̀yà mẹ́rin, sà.”

Ó pe Sárétẹ̀. Ó bi í bóyá ó lè tún àtẹ ti tẹ́lẹ̀ tẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la tó lù. Ọmọbìnrin tó lè tẹ ojú ìwé mẹ́wàá kí ẹlòmíràn tó tẹ mẹ́rin gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n tàánútàánú.

“Ìka mi ń dùn mí láti àárọ̀, sà. Gbogbo wọn.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àwọn méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò, àmọ́ àtẹ tí Ìyá Káàdì kọ́kọ́ tẹ̀ parí lọ́jọ́ Ajé ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe tó fi yíǹkì pupa ṣe sí i. Bó bá fẹ́, ó lè fi í ránṣẹ́ bó ṣe rí. Ó kó ìwé méjèèjì síwájú ara rẹ̀, tọ̀tún, tòsì, ó ní kí wọ́n máa lọ.

*

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án, òjíṣẹ́ ìgbìmọ̀ dé. Ọkùnrin kúkúrú kan pẹ̀lú báàgì aláwọ, bàtà rẹ̀ ń dún. Wọ́n fún un ní àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, kò jókòó, ó ní òun ń kánjú. Ilẹ̀kùn Ọ̀jọ̀gbọ́n wà ní títì.

Ìyá Káàdì ki ìwé sẹ́nu ẹ̀rọ, kò tẹ nǹkan kan. Ó gbọ́ tí wọ́n fa dúrọ́ọ̀ nínú yàrá kejì. Ó gbọ́ tí wọ́n tì í. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òjíṣẹ́ wo aago àpò rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àwòrán àkàsọ̀, ó bi Sárétẹ̀ bóyá iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń kọ́ níbí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fa dúrọ́ọ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n di ẹnu ọ̀nà mú. Kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Sọ fún wọn pé àtẹ náà kò tíì pé.”

Òjíṣẹ́ béèrè ìgbà tó máa pé. Ó ní òun kò mọ̀. Òjíṣẹ́ ní wọ́n ti sọ fún òun pé bí kò bá sí àtẹ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ á wà bí wọ́n ṣe wà títí ìgbìmọ̀ á fi tún jókòó lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé kí òun jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bàtà náà dún sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó jìnnà, ó dákẹ́.

Ìyá Káàdì dìde láti dúpẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò wò ó, kò wo ògiri náà. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Mi ò lè máa wọ yàrá yìí kí n máa rí ẹ, ọmọ mi. Màá kọ̀wé ẹ̀rí fún ẹ. Ìwé ẹ̀rí tó dáa gan-an.”

“Mo gbọ́, sà.”

Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Ìyá Káàdì kó ife rẹ̀, ìborùn rẹ̀ tó wà fún ìgbà òtútù, àti tìmùtìmù tó fi ń jókòó. Sárétẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi àwọn kẹ̀kẹ́, ó ní ta ló fẹ́ máa tọ́ igba ọmọ ó lé mẹ́wàá, òun kò tíì ṣe tán láti di ìyá. Níbẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ náà ti tán lẹ́nu rẹ̀, tó di ọwọ́ Ìyá Káàdì mú.

Ìyá Káàdì ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan kí oṣù méjì tó pé, níbi tó ń kọ orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àtẹ náà kò pé mọ́. Sárétẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í fún òun ní ohunkóhun tẹ̀, tó kàn ń jókòó ti àpótí irin yẹn, tó ń yí lẹ́tà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú, ẹ̀yìn.

Ìyá Káàdì kò sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn ti kọ ojú ìwé mẹ́fà lákòókò yẹn. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ ti kíláàsì òun pa, àmọ́ alábòójútó kan tó wá wo ilé ẹ̀kọ́ gbọ́ bí òun ṣe ń kọ́ni, ó sì lọ bá wọn wí. Ó ní ohùn òun ló gba àwọn ọmọ náà là.

Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì nídìí tábìlì tuntun rẹ̀. Ó mú kálámù. Ó kọ̀wé pé ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá mi, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Ó wá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó kàn: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọdún yìí ṣeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣèdánwò náà báyìí, gbogbo wọn, àwọn tó ti ṣe tán àti àwọn tí kò tíì ṣe tán. Ọdún kan kì í pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì pé ta ló ń lé e. Àmọ́ ó ṣe bó ṣe wí.

Mọ́kànlá ni wọ́n jókòó. Mẹ́sàn-án yege.